Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ẹ má tú ẹ̀yìn Super Eagles ká o!



Láti alẹ́ Ọjọ́rú tí a ti na South Africa ni ariwo ò ti jẹ́ ká sinmi lórí pèéjì yìí. Ẹnìkan ní kí wọ́n yọ Aina, torí pé ó gbá pẹ́nárítì sókè. Ẹlòmíràn ní kí kóòṣì Peseiro yọ ẹnìkan nínú àwọn mẹ́ta tó dúró lẹ́yìn, kí Iheanacho wọlé wá dúró ti Osimhen. Ẹnìkẹta wá kọ orúkọ àwọn mọ́kànlá sílẹ̀, ó ń ka iye Yorùbá, iye Ìgbò, iye Hausa, bí ẹni tó ń pín ẹran iléyá. Àwa tí a ti ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù wo ìdíje yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, a ò gbà. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí a ò fi gbà.

Àbí ẹ ti gbàgbé January 14 ni? Lọ́jọ́ yẹn, kóòṣì ò tíì máa lo ẹni mẹ́ta láàárín ẹ̀yìn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Equatorial Guinea bá wa ta ọ̀mì 1-1, gbogbo yín ń bú kóòṣì. Nígbà tó kan Ivory Coast ló tó kó Ajayi, Troost-Ekong àti Bassey pọ̀ sẹ́yìn. Ẹ wá kà á: a na Ivory Coast 1-0, a na Guinea-Bissau 1-0, a na Cameroon 2-0, a na Angola 1-0. Ẹ̀ẹ̀mẹrin gbáko, ẹnikẹ́ni ò rí àwọ̀n Nwabali. South Africa tó rí i, pẹ́nárítì ni, ìyẹn náà sì ti di ìṣẹ́jú 90. Ọjà tó ń tà báyìí lẹ ní ká kó kúrò nílẹ̀?

Ẹ ní mẹ́ta ti pọ̀ jù lẹ́yìn, pé a nílò ẹni tó máa gbá a wọlé. Góòlù kejì tí Lookman gbá sí Cameroon, ta ló gbé bọ́ọ̀lù fún un? Bassey ni! Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yọ nìyẹn. Ẹ ní Osimhen ò gbá ju góòlù kan lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n góòlù àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Cameroon ńkọ́? Ṣebí òun ló sáré já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ ẹni ẹ̀yìn wọn, tó wá fi sílẹ̀ fún Lookman. Iṣẹ́ wọn so pọ̀ mọ́ra ni. Tẹ́ ẹ bá fa ọ̀kan yọ, ìyókù á mì.

Ti Aina ńkọ́? Pẹ́nárítì kan péré. Nwabali mú méjì, Iheanacho parí iṣẹ́, a sì wọ fáínà. Ẹni tó ti ń sáré lọ sáré bọ̀ lápá ọ̀tún láti ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, ṣé nítorí bọ́ọ̀lù kan la máa ṣe lé e lọ?

Ẹ rántí 2013. Keshi fi Yobo tó jẹ́ kápútẹ́nì sórí bẹ́ǹṣì, ó kó Oboabona àti Omeruo, ọmọdé, sẹ́yìn. Ìjà tí a jà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa nígbà yẹn kì í ṣe kékeré, àwa náà wà lára àwọn tó pariwo jù. Keshi ò dá wa lóhùn. Ó gbé ife wálé.

Ivory Coast tó ń bọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti January mọ́. Equatorial Guinea na wọ́n 4-0 nílé wọn, kóòṣì wọn lọ, Emerse Faé gbà á, wọ́n sì ti lé Senegal, Mali àti DR Congo lọ. Haller ti ń gbá a wọlé. Ṣé irú ìgbà yìí lèèyàn ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀? Bí ẹnìkan bá farapa tàbí tó rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ìyẹn ò níjà nínú.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn wá jù ni ti ẹni tó ń ka ẹ̀yà. Lálẹ́ Ọjọ́rú, iná lọ kí bọ́ọ̀lù tó parí. Ará Ìmò tó ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí wa ló na wáyà jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Gbogbo wa la jọ dì mọ́ra, tòun ti Alhaji tó ni ilé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọọṣẹ́ wa kan ń ka àkọsílẹ̀ yẹn sókè, ọkùnrin yìí sì gbọ́, torí ó gbọ́ Yorùbá ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ká wáyà rẹ̀, ó wọlé. Ojú tì wá.

Ta tiẹ̀ ni tiwa nínú wọn? Aina, Ajayi àti Lookman, England ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Lookman ti bá England gba ife àgbáyé ọ̀dọ́ ní 2017 kó tó wá gbá fún wa. Netherlands ni wọ́n bí Troost-Ekong sí, òun ló sì gba pẹ́nárítì wọlé lọ́jọ́rú. Jos níbí ni wọ́n bí Moses Simon sí. Gbogbo wọn ni tiwa, jàre.

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àkọsílẹ̀ yẹn kúrò kí Sọ́ńdè tó pé. A ti lọ bẹ ará Ìmò, ó ní kò sí wàhálà, òun á na wáyà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni o, kí kálukú gbé àga tirẹ̀ wá. Bí a bá gba ife, ti gbogbo wa ni. Bí a bá sì pàdánù, kí ẹnikẹ́ni má wá síbí wá béèrè ìlú bàbá ẹni tó ṣe àṣìṣe.