Bí Ọmọ Bá Ń Bá Àjèjì Ṣeré Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan gbogbo ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà tó láti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kí ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, kí ó sì máa bá àwọn tí kò rí rí ṣe eré géèmù. Nídìí ayò, ọ̀ta lè pe òpè ní òpè, kí gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá bú ìyá rẹ̀, kò ní rí ẹni bá a ta mọ́ lọ́jọ́ kejì, nítorí àdúgbò mọ ilé tí ó ti wá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bí eré bá ti parí, oníkálukú a bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí èébú fi pọ̀ níbẹ̀.

Ìjìyà ni a kọ́kọ́ fi ń wo àrùn yìí. Ilé iṣẹ́ Riot Games ní Amẹ́ríkà, tí ó gbé League of Legends jáde ní ọdún 2009, dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ ní 2011, níbi tí àwọn òṣèré fúnra wọn ti ń ka ẹ̀sùn ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń dá a lẹ́bi tàbí láre. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kì í yin ẹni tí kò ṣẹ̀. Ní 2012 ni wọ́n wá fi ẹ̀yẹ kún un: bí eré bá parí, òṣèré lè yin ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́, àní alátakò tí ó ṣe bí ọmọlúàbí pàápàá. Overwatch náà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2018, pẹ̀lú ipò márùn-ún tí ìyìn ń gbé òṣèré gùn.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti Final Fantasy XIV, eré àwọn ará Jàpáànì. Bí ẹgbẹ́ kan bá jọ jà tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìyìn kan ṣoṣo láti fún ni, kò sì lè fi fún ẹni tí wọ́n jọ wọlé, àfi àjèjì. Ẹni tí ó bá gba 500 irú ìyìn bẹ́ẹ̀ a rí ẹyẹ ńlá kan gbà tí yóò máa gùn nínú eré náà. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀! Bí kò bá sí òfin yẹn, ọ̀rẹ́ ni yóò máa yin ọ̀rẹ́, bí àwọn tí ń náwó fún ara wọn lóde ijó.

Ẹlòmíràn lè wí pé nítorí ẹyẹ ni ọmọ ṣe ń hùwà rere. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wa pẹ̀lú ń kúnlẹ̀ kí àgbà kí ó tó mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó bà yín lẹ́rù ni àjèjì tí ìyìn rẹ̀ kò mọ sí ibi eré, tí ó ń béèrè ilé ìwé ọmọ tàbí àwòrán rẹ̀, tí ó fẹ́ ra ẹ̀bùn fún un, tí ó sì ní kí ó má sọ fún ìyá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ó sáré wá sọ, àti pé ẹ kò ní gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ ọ́.

Ẹ má sì ṣe pa iná mọ́ ọn lójú nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Àwọn mẹ́rin tí ó kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ pa lára, a ó sì fìyà jẹ òun náà pé ó sá lọ. Eré kan lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ọbẹ̀ bá ti ń hó, ẹ ti sọ fún un kí ó má bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, ẹ má bi í bóyá ó borí. Ẹ bi í pé ta ni ó yìn lónìí, kí sì ni ẹni náà ṣe. Bí ó bá ní òun kò yin ẹnikẹ́ni, ẹ bi í bóyá nínú àwọn mẹ́rin yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó dúró dè é.