Páàdì Bíréékì: Ta Ni Yóò Yàn Án, Ta Ni Yóò Sanwó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò ẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ páàdì bíréékì ni. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn lọ ni, ṣùgbọ́n òun ni ó dúró láàárín awakọ̀, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ àti sàréè.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà di àlọ́, ẹ jẹ́ kí a tètè sọ èrò tiwa. Páàdì bíréékì kì í ṣe gbèsè awakọ̀. Ọlọ́kọ̀ ni ó yẹ kí ó sanwó rẹ̀. Awakọ̀ àti mẹkáníìkì ni ó yẹ kí wọ́n yàn án. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa, òdìkejì rẹ̀ ni à ń rí. Awakọ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé kí ó mú owó páàdì kúrò nínú owó ojúmọ́, lẹ́yìn tí ó bá ti ra epo, tí ó ti san owó gáréèjì, tí ó sì ti kó iye tí wọ́n dá fún un lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ìwọ̀nba owó oúnjẹ ilé ni ó kù sí i lọ́wọ́ ní alẹ́, irú páàdì wo ni ẹ rò pé yóò rà? Èyí tí ó pọ̀ jù lórí àtẹ, tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni. Àwa kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó ṣètò iṣẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni a ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó wà láàárín wa. Bíréékì kì í gbé eré jù nù. Ó ń sọ ọ́ di ooru ni. Gbogbo eré tí ọkọ̀ sá, ara páàdì àti dísìkì ni ó ń parí sí. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, láti 50 kìlómítà ní wákàtí kan sí 100, ooru tí bíréékì yóò gbé kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Bí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ bá wúwo ní ìlọ́po méjì, ooru náà di ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Ẹ wá fi èyí wo ọkọ̀ tí ó kó èrò kún inú, tí ó tún di àpò gàrí mọ́ orí, tí ó ń sáré bọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sanwó láti gbé ọkọ̀ ara wọn lọ sí pápá eré ìje fún ọjọ́ kan, bíi Silverstone àti Brands Hatch, tàbí Nürburgring tí ìyípo rẹ̀ kan ju 20 kìlómítà lọ. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí ife ẹ̀yẹ. Ìgbádùn lásán ni. Ẹ lè béèrè pé kí ni ó kàn wá. Ohun tí ó kàn wá ni pé ẹni tí ó gbọ́n nínú wọn kì í wọ pápá kí ó tó pààrọ̀ páàdì àti epo bíréékì. Ó mọ̀ pé páàdì tí ó dára fún lílọ sí ọ́fíìsì àti ọjà kò lè gba ooru pápá. Yóò gbóná kọjá agbára rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ bí ẹni tí ó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá sáré díẹ̀, yóò tún rọra yí ìyípo kan láì fi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréékì, kí ó lè tutù. Ẹni tí ń ṣeré ni ó ń ṣe gbogbo èyí o! Awakọ̀ tiwa tí ó ń sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pẹ̀lú iṣu kún inú ọkọ̀ kò ní ìyípo tí ó fẹ́ fi tu bíréékì lára. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe, èrò sì ń pariwo pé kí ó tètè.

A kò sọ pé kí ẹ lọ ra páàdì eré ìje. Bí ontajà kan bá sọ fún yín ní Ládípọ̀ tàbí ní Àràromi pé páàdì tí òun ní lọ́wọ́, tàwọn asáré ìje ni, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Irú páàdì bẹ́ẹ̀ kì í mú dáadáa nígbà tí ó bá tutù. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná. Ní aago márùn-ún òwúrọ̀, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní gáréèjì, tí ọmọdé kan sì sá gba iwájú ọkọ̀ kọjá, páàdì ìje kò tíì jí. Ó tún ń jẹ dísìkì, ó sì ń ké bí ẹyẹ. Páàdì tí ó mú nígbà tí ó tutù, tí kò sì sá nígbà tí ó bá gbóná dé ìwọ̀n iṣẹ́ wa, ni a ń wá.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n? Lára ọ̀pọ̀ páàdì, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ ó rí lẹ́tà méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn ní ẹ̀gbẹ́: EE, FF, tàbí GG, nígbà mìíràn EF tàbí FE. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bí ó ṣe ń mú ní ooru tí kò pọ̀. Èkejì ń sọ bí ó ṣe ń mú nígbà tí ó bá gbóná gan-an. E kéré sí F, F kéré sí G. Nítorí náà páàdì tí a kọ FE sí, bí ó bá ti gbóná tán, agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀. Fún ọkọ̀ èrò, àwa fẹ́ FF ju EE lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: lẹ́tà náà kò sọ bóyá páàdì náà yóò pẹ́, kò sì sọ bóyá ẹni tí ó ṣe é mọ iṣẹ́. Lára èyí tí ó ti Yúróòpù wá, ẹ wo àmì E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú òbìrí, àti 90R lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán an wò, pé mímú rẹ̀ kò jìnnà sí ti páàdì tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Ayédèrú lè kọ àmì kankan sára páàdì, a mọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ rìsíìtì fún yín, tí ẹ ó sì rí ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Páàdì tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ yà wò ó. Ẹni tí ó lò ó kù ti jẹ ẹran rẹ̀ tán.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, ọ̀tún àti òsì, ní irú kan náà. Bí ohun tí ó kù lórí irin bá ti di mílímítà mẹ́ta, ó ti tó kúrò. Tuntun kì í sì í mú pé pérépéré ní ọjọ́ kìíní. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ láti eré 50 sí 10, ní ìgbà mélòó kan, kí ẹ fún un láyè kí ó tutù, kí ẹ tó kó èrò.

Epo bíréékì, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà á sí. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 205 ní ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì; tí ó bá ti fa omi, ó lè hó ní 140 péré. DOT 4 jẹ́ 230 nígbà tí ó jẹ́ tuntun, 155 nígbà tí ó bá ti fa omi. Nígbà tí ó bá hó nínú páìpù, afẹ́fẹ́ ni ẹ ń tẹ̀, pẹ́dà yóò sì wọlẹ̀ lọ láì dá nǹkan kan dúró. Páàdì olówó iyebíye kò lè ran epo ọdún márùn-ún lọ́wọ́.

Ẹ̀yin onítírélà, ti yín tún yàtọ̀. Láínì inú dúrọ́ọ̀mù ni púpọ̀ nínú yín ní, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tì í. Bí dúrọ́ọ̀mù bá gbóná, ó ń fẹ̀ sí i, ó ń sá kúrò lọ́dọ̀ láínì. Bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ó ń jìnnà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ní Akùngbá-Àkókó, tírélà tí ó kó símẹ́ńtì ya wọ inú àwọn ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Ìròyìn ọjọ́ náà sọ pé bíréékì ni ó já. Àwọn ènìyàn kú, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà nínú wọn. Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, awakọ̀ ni gbogbo ayé máa ń bú. Àwa ń béèrè pé, ta ni ó wo láínì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kúrò ní ibi tí wọ́n ti di ẹrù sí i? Ta ni ó fọwọ́ síwèé?

Èyí kò sọ wá di aláìlẹ́bi. Àwọn kan nínú wa wà tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ sí fíríì nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, wọ́n ní àwọn ń dín epo kù. Ẹ dá a dúró. Jíà tí ẹ fi gun òkè ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́, kí ẹ́ńjìnì bá yín di ọkọ̀ mú, kí bíréékì lè sinmi. Epo tí ẹ rò pé ẹ dín kù, ara páàdì ni ẹ ti ń san án padà.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn mẹkáníìkì àti àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, òun ni ó sì ń dùn wá jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, asbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ṣe páàdì àti láínì. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde. Ó lè tó ogún tàbí ogójì ọdún kí jẹjẹrẹ tó fara hàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá ní 1999, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé kò gbọdọ̀ kọjá 2005, Amẹ́ríkà fòfin de irú èyí tí ó kù tí wọ́n ń lò ní 2024. Ojú lásán kò lè mọ páàdì tí ó ní i àti èyí tí kò ní i. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ eruku bíréékì mọ́, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ. Omi àti àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má wọ aṣọ iṣẹ́ náà dé ilé kí ọmọ yín tó dì mọ́ yín. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí a ń san ẹ̀san fún. Ṣùgbọ́n tani ó fẹ́ ẹ̀san tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti lọ?

Ó sì ń múnú wa dùn pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní àwọn yunifásítì wa ti ń fi èèpo ẹkùrọ́ dán páàdì tí kò ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì wò láti ọdún pípẹ́. Èèpo ẹkùrọ́ tí à ń fi dáná! Bí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ wa bá lè fi owó sí i, iṣẹ́ yóò wà fún àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, a ó sì mọ ohun tí ó wà nínú ohun tí à ń tẹ̀.

Àwọn ọlọ́kọ̀ yóò sọ pé ọjà wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á wá owó ẹ́ńjìnì, nítorí ọkọ̀ kò ní rìn láìsí i. Ọkọ̀ ń rìn láìsí bíréékì, ìyẹn ni wahala wa.

Ohun tí a ń gbé síwájú ìpàdé ẹ̀ka nìyí: kí páàdì, láínì àti epo bíréékì kúrò nínú owó ojúmọ́ awakọ̀, kí ọlọ́kọ̀ máa sanwó wọn lórí rìsíìtì, kí ìwé kan wà ní gáréèjì tí mẹkáníìkì yóò máa kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n páàdì sí, kí ẹ̀ka sì dúró ti awakọ̀ èyíkéyìí tí ó bá kọ̀ láti gbé ọkọ̀ tí bíréékì rẹ̀ kò dára, bí wọ́n bá tilẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí olúkúlùkù mú páàdì tí ó bọ́ kẹ́yìn lára ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ìpàdé, kí ó ti fi omi fọ̀ ọ́, kí ó di í sínú ọ̀rá. A ó tò wọ́n sórí tábìlì, a ó sì pe àwọn ọlọ́kọ̀ wá wò wọ́n.