Ààrò Ni Ẹ Ń Kọ́, Kì í Ṣe Ilé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kó wá síwájú yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti ní kí n fi í sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò tíì kọ́lé kì í bá onílé jà. Èmi kò gbà. Ẹni tí ó ń làágùn nínú ilé ní ẹ̀tọ́ láti bi ẹni tí ó kọ́ ọ léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ wo àwọn ilé titun tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń kọ́ káàkiri Ìbàdàn. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dalẹ́, òrùlé dúdú bí ìdí ìkòkò, fèrèsé gíláàsì ńlá tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn gan-an, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, etí òrùlé kò sì yọ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Igi máńgòrò tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ gé, wọ́n sì fi kànkéré bo gbogbo àgbàlá dé ẹsẹ̀ ògiri. Bí agogo mẹ́ta ọ̀sán bá lù, onílé á gbé àga jáde lọ sábẹ́ igi aládùúgbò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó kù kí ilé yìí fi di ààrò, bí kò ṣe búrẹ́dì?

Wọn yóò sọ fún mi pé ẹ̀rọ amúlétutù wà. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ẹ̀rọ tí ó bá ń mu wáàtì 1,000 fún wákàtí 8 ti jẹ yúnìtì 8. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tí à ń pè ní Band A ga ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ₦225 ni wọ́n ní kí a máa san lórí yúnìtì kan. ₦1,800 nìyẹn fún oorun òru ọjọ́ kan nínú yàrá kan ṣoṣo! Fáànù àjà tí ó ń mu wáàtì 75 kò ní jẹ ju ₦135 lọ ní wákàtí 8 kan náà. Ṣùgbọ́n fáànù kò lè tu ilé tí ògiri rẹ̀ ti gba oòrùn sínú. Ooru náà ni yóò máa fẹ́ padà sí ọ lára. Bí iná bá sì lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ojú ń rí. Mo mọ olùkọ́ kan tí ó fi gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Owó tí ó ń gbà lóṣooṣù kò lè ra iná tí ilé náà ń bèèrè. Ó ní yàrá márùn-ún. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ń tẹ́ ẹní sí.

Bí ẹ bá ní ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́ ọ, mo ní irọ́ ni. Maxwell Fry àti Jane Drew aya rẹ̀, tí wọ́n ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, kò kọ́ ọ báyìí. Wọ́n mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, òkè orí ni oòrùn ń gbà kọjá lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ó ń wọlé tààrà láti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, níbi tí etí òrùlé lásán ti lè ṣíji bò ó, kí fèrèsé sì wà ní ògiri méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ lọ wo ògiri alihò tí ó wà lára ilé ìkàwé Kenneth Dike: ó dá oòrùn dúró, ó jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ẹ lọ sí Ifẹ̀, kí ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ Humanities tí Arieh Sharon yà, bí òkè kọ̀ọ̀kan ti yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, tí ó fi di agbòòrùn fún un. Inú irú ilé wọ̀nyí ni a ti ń kẹ́kọ̀ọ́, kí a tó jáde lọ kọ́ ààrò.

Àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wọn. Gbàgede àárín agbo ilé kì í ṣe fún ayò títa nìkan. Ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí i ká kò sì jẹ́ kí oòrùn fọwọ́ kan ògiri yàrá. Èmi kò sọ pé kí a padà sínú ilé alámọ̀ o. Ó ṣókùnkùn, èéfín kún inú rẹ̀, iná sì ń jó òrùlé koríko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ju ewú agbádá nù kò gbọdọ̀ ju ọgbọ́n télọ̀ nù pẹ̀lú rẹ̀. Demas Nwoko fi iyẹ̀pẹ̀ pupa àti sìmẹ́ńtì ṣe búlọ́ọ̀kù, ó kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican sí Ìbàdàn níhìn-ín. Venice ni wọ́n ti fún un ní Golden Lion ní ọdún 2023. Àwọn ará Ítálì rí i. Àwa ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ olè àti ẹ̀fọn ni wọn yóò fi dá mi lóhùn. Irin àti nẹ́ẹ̀tì ń bẹ fún ìyẹn. Fèrèsé gíláàsì tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdajì rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣí. Lúfà àtijọ́ tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ń ṣí tán pátápátá. Àwọn mìíràn ní páńẹ́ẹ̀lì oòrùn ni àwọn yóò rà. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí ilé bá ti ń jẹun tó ni páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Ta ni ń ra omi kún agbè tí ó ń jò?

Títan ojú ilé sí ibi tí ó yẹ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, bí a kò bá tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá há, tí ojú títì sì ti fi dandan kọjú ilé sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ kó balùwẹ̀, àtẹ̀gùn àti yàrá ẹrù sí apá ibẹ̀, kí wọ́n máa gba ìyà oòrùn fún yàrá ìsùn. Ẹ kun òrùlé ní funfun. Ẹ fi igi sílẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2017 lórí ilé tí kò ní í fi iná ṣòfò: ìwọ̀n fèrèsé, ìbòji, òrùlé. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ni ó ń kọ́ púpọ̀ nínú ilé wa, kì í ṣe ayàwòrán ilé, Yorùbá sì ni èdè tí ó fi ń wọn ògiri. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ni láti tú ìlànà náà sí èdè yìí, kí a tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pẹlẹbẹ tí yóò wọ àpò ṣòkòtò. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ti òrùlé. Mo ń wá ẹni tí yóò mú ti fèrèsé.