Gbèsè Ọ̀yà Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Wa

Ọ̀rọ̀ ọ̀yà òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì láàárín wa. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń retí owó oṣù tí kò dé, tí gbèsè náà sì di ti ọ̀pọ̀ oṣù kí ọdún 2018 tó parí, kò sí àdúgbò kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré tí kò mọ bí ó ti rí lára. Olùkọ́ ti kọ́ ọmọ, nọ́ọ̀sì ti tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ wọn kò wọlé. A gbàdúrà, a sì sọ̀rọ̀ jáde. A fi Jakọbu 5:4 hàn àwọn aláṣẹ, pé igbe alágbàṣe tí a kò sanwó fún a máa dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ni pé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn àwa náà. Ó wà ní ọ́fíìsì ìjọ, ó wà nínú ilé wa, inú kọ̀ǹpútà ló sì fara pamọ́ sí.

Ẹ wo bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, pé kí ó bá òun fi Windows sí i, kí ó fi èyí tí a fi ń tẹ ìwé sí i, kí ó sì fi èyí tí a fi ń gbé orin àti ẹsẹ Bíbélì sára ògiri nínú ìsìn sí i. Ọmọkùnrin náà yọ fláàṣì kan jáde. Gbogbo ètò wọ̀nyí wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i bí ẹni pé a ti sanwó. Ó gba owó iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó kọ ètò náà kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Ní ọjọ́ Àìkú, a tan ẹ̀rọ náà níwájú pẹpẹ, a sì fi í yin Olúwa.

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ tí kò jẹ́ mú iṣu kan nínú oko oníoko ń ṣe èyí láìbìkítà. Ìdí rẹ̀ ni pé a kì í rí oníṣẹ́ náà. Síbẹ̀ ènìyàn ni ó kọ ètò kọ̀ǹpútà. Wọ́n á jókòó fún oṣù tàbí ọdún, wọ́n á máa kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dán an wò, wọ́n á tún èyí tó bàjẹ́ kọ. Àwọn náà ń san owó ilé, wọ́n sì ń bọ́ ọmọ.

Àwa ará ìhín ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé, nítorí ilẹ̀ ọlọ́nà ni ilẹ̀ wa. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó di olóògbé ní 1938, ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀ àti fún Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ kí ilẹ̀kùn náà di tiwọn, ìtẹ́ ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣàkóso wa nígbà náà pàápàá fi nǹkan dípò. Igi kò wọ́n ní ilẹ̀ wa. Ọgbọ́n orí Ọlọ́wẹ̀ àti àkókò rẹ̀ ló níye lórí.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ilẹ̀kùn yàtọ̀. Bí wọ́n bá gbé ilẹ̀kùn lọ, ẹnu ọ̀nà á ṣí sílẹ̀. Ètò tí mo dà kọ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.” Òótọ́ ni pé ètò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni owó ọ̀yà. Bí òbí ogún ọmọ bá mú ọmọ wọn lọ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n kọ̀ láti san owó olùkọ́ nítorí pé ìmọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, kí ni a ó pe irú òbí bẹ́ẹ̀? Luku 10:7 kò sọ pé kí a wo bóyá iṣẹ́ náà ṣì kù lọ́wọ́ alágbàṣe kí a tó san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un.

Ẹlòmíràn á ní òfin kò mú ẹnikẹ́ni. Òfin wà. Láti ìgbà òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 1988 ni orílẹ̀-èdè yìí ti ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ tí òfin ń dáàbò bò. Lábẹ́ òfin náà, ẹni tó bá ń ṣe àdàkọ fún títà lè san owó ìtanràn tó tó 1,000 náírà lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 5 lọ, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹta 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti àtijọ́, ètò kọ̀ǹpútà sì ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan tún máa ń tọ́ka sí ẹjọ́ tí Microsoft pe ilé iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2011, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kò gba ti Microsoft, nítorí pé kò fi àṣẹ mínísítà hàn, èyí tó nà ààbò òfin wa dé orí iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ kíyè sí i pé ìwé àṣẹ ni ilé ẹjọ́ béèrè. Kò sọ pé ó tọ́ láti mú iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ihò tó wà lára ọgbà. Bí ìjọba bá jẹ wá lówó oṣù, tí agbẹjọ́rò rẹ̀ sì rí ihò gbà jáde, ṣé a ó sọ pé gbèsè ti tán?

Àwíjàre tó wúwo jù ni ti òṣì. N kò ní fi ojú kékeré wò ó. Òfin 2024 fi owó oṣù tó kéré jù lọ sí 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, tó ń ra gààrí, tó ń san owó iléèwé, kò lè máa san owó tí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun fi lé ètò wọn. Ó tọ́ kí a bá wọn wí pé kí wọ́n wo agbára aláìní kí wọ́n tó dá iye lé ọjà. Ohùn wa yóò sì ní àṣẹ bí ọwọ́ wa bá mọ́.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé aláìní ní ọ̀nà mìíràn. Ní 1983, ará Amẹ́ríkà kan, Richard Stallman, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn lè lò, tí wọ́n lè dà kọ, tí wọ́n sì lè fún aládùúgbò. Ní 1991, Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, gbé Linux jáde. Ní 2004, Mark Shuttleworth láti Gúúsù Áfíríkà gbé Ubuntu kalẹ̀, tó lè rọ́pò Windows. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní “ènìyàn laṣọ mi”. LibreOffice wà fún ìwé títẹ̀ àti ìṣirò. OpenLP wà fún orin àti ẹsẹ Bíbélì nínú ìsìn. Ọ̀fẹ́ tí oníǹkan fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀, ẹ̀bùn ni. Ọ̀fẹ́ tí àwa fúnra wa sọ di ọ̀fẹ́, olè ni.

Ẹ jẹ́ kí a ronú kan àwọn ọmọ tiwa náà. Iléèwé olùkọ́ni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ di yunifásítì ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2020, lórúkọ Bamidele Olumilua. Ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ tó sì kọ ètò tí yóò ran àwọn àgbẹ̀ tàbí àwọn iléèwé wa lọ́wọ́, ta ni yóò sanwó fún un, bí gbogbo wa bá ti mọ̀ pé fláàṣì ni a fi ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, mo bẹ àwọn olùṣọ́ àgùntàn, àwọn akọ̀wé ìjọ àti àwọn òbí. Ẹ yẹ kọ̀ǹpútà ìjọ wò. Ohun tí a kò san owó rẹ̀, kí a san án, tàbí kí a yọ ọ́ kúrò kí a fi èyí tó jẹ́ ẹ̀bùn dípò. Bí ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, ẹ béèrè bóyá Windows inú rẹ̀ ní àṣẹ. Kí ìjọ fi owó díẹ̀ sínú ìṣirò ọdún fún un, bí a ti ń fi ti epo jẹnẹrétọ̀ sí i. Kí a má sì gàn ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ fún un pé ètò tó jẹ́ ẹ̀bùn ni ẹ fẹ́.

Nínú 2 Samuẹli 24:24, Dáfídì kọ̀ láti gba ilẹ̀ ìpakà Arauna lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹbọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni ín fẹ́ fi í ta á lọ́rẹ. Ó san owó rẹ̀ kí ó tó mọ pẹpẹ. Àwa ń kọ́ pẹpẹ tiwa sórí ilẹ̀ tí oníilẹ̀ kò fi ta wá lọ́rẹ rárá. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn Dáfídì, kí ìsìn wa má bàa jẹ́ lórí ọ̀yà ẹlòmíràn. Àmín.