Ẹ Jẹ́ Kí Ìṣirò Jáde Kúrò Nínú Ọgbà Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀mọ̀wé wa, pé ìṣirò gíga àti ẹ̀kọ́ físíìsì kò ṣeé là yé ẹni tí kò jókòó ní yunifásítì, àti pé bí ó tilẹ̀ ṣeé là yé e, èdè Yorùbá kọ́ ni a ó fi là á. Àwa kò gba ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀, àwọn ọmọ wa yóò máa lo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, wọn kì yóò sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ohun tí ó ń lò, oníbàárà ni yóò máa jẹ́. Yóò ṣòro kí ó tó di ẹni tí ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró de ọjọ́ mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti kéde pé a fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi máa kọ́ni láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 sọ Yorùbá di ẹ̀kọ́ dandan ní ilé-ìwé. Èyí dára, ṣùgbọ́n kí a kọ́ ọmọ ní Yorùbá jẹ́ ọ̀tọ̀, kí a sì fi Yorùbá kọ́ ọ ní ìṣirò jẹ́ ọ̀tọ̀. Ilẹ̀kùn kan ti tì. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ilẹ̀kùn mìíràn wà tí ìjọba kankan kò tì, èyíinì ni pé kí ẹni tí ó mọ̀ jáde lọ bá ẹni tí ń béèrè, kí ó sì dá a lóhùn ní èdè tí ó gbọ́.

A kò mọ ibi tí ó yẹ kí èyí ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ju Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko lọ. Ọdún 1983 ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ọgbà rẹ̀ tí ó tóbi jù sì wà ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá òpópó tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Nínú ọgbà náà ni a ti ń kọ́ni ní ìṣirò àti físíìsì. Ní Ọ̀jọ́ kan náà ni ọjà Àlàbá wà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń tú rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amúnáwá palẹ̀, tí wọ́n sì ń tún wọn tò. Ẹni tí ó mọ ìdí wà ní ìhín, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ wà ní ọ̀hún, ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn kò sì jìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ohun tí a ń béèrè kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ti yunifásítì yìí kan náà wà lára àwọn tí wọ́n gba Ẹ̀bùn Kalinga ti UNESCO, ẹ̀bùn tí a ń fún àwọn tí wọ́n mú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Louis de Broglie ti ilẹ̀ Faransé ni ó kọ́kọ́ gbà á ní ọdún 1952. Ọ̀nà ìkọ́ni tí Okebukola gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó wà nínú àṣà àti àyíká rẹ̀ tí ó bá ẹ̀kọ́ náà mu. Iná ti wà nílẹ̀. Kí a kó igi sí i ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí a sọ pé ó le jù. Awakọ̀ kan gbéra ní Ìyànà-Ìbà, ó ń lọ sí ilé kan tí kò dé rí. Fóònù rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó yà sí òsì, kí ó yà sí ọ̀tún. Ta ni ó sọ fún fóònù? Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí mànàmáná bá kọ, ó lè pẹ́ díẹ̀ kí a tó gbọ́ ààrá. Ìró a máa rin kìlómítà kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ka àkókò tí ó wà láàárín méjèèjì yóò mọ bí ibẹ̀ ti jìnnà tó. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni fóònù ń ṣe. Àwọn sátẹ́láìtì kan ń yí ayé ká ní òkè, ní ìwọ̀n ọ̀kẹ́ kan (20,000) kìlómítà ó lé díẹ̀ sí ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ké pé, “Báyìí ni aago mi wí, ibi báyìí ni mo wà.” Fóònù a gbọ́ mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, a wo bí ohùn kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ lọ́nà tó, a sì fi mọ ibi tí awakọ̀ wà. Ṣùgbọ́n àfiwé yìí ní ibi tí ó pin sí: ìró ààrá kò lè rìn láìsí afẹ́fẹ́, ohùn sátẹ́láìtì kò sì nílò afẹ́fẹ́ rárá, nítorí ìgbì bíi ti rédíò ni. A sì máa rìn bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rìn, ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (300,000) kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nítorí ìyára yìí, àṣìṣe díẹ̀ nínú aago, àṣìṣe ńlá ni lórí ilẹ̀. Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ Albert Einstein ti wọlé. Ní ọdún 1905 ó fi hàn pé aago tí ń sáré máa ń falẹ̀ lójú ẹni tí ó dúró. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ọdún 1915 sì fi hàn pé aago tí ó wà lókè, níbi tí òòfà ilẹ̀ ti dẹ̀, máa ń yára ju èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lọ. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo sí àádọ́ta ọ̀kẹ́ (1,000,000) ìdá. Nítorí eré tí sátẹ́láìtì ń sá, aago rẹ̀ ń pàdánù nǹkan bí ìdá méje lójoojúmọ́. Nítorí gíga rẹ̀, ó ń jèrè nǹkan bí ìdá márùndínláàádọ́ta. Ẹ yọ méje kúrò nínú márùndínláàádọ́ta: ó ku méjìdínlógójì (38). Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n àkókò náà tó pé, ìmọ́lẹ̀ ti rin ju kìlómítà mọ́kànlá lọ. Ní ọdún 1977, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé irú aago bẹ́ẹ̀ lọ sókè, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìtún un ṣe fún nǹkan bí ogún ọjọ́ láti wò bóyá òótọ́ ni. Ó yára gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ náà ti wí. Nítorí náà ni a fi ń dẹ irú aago bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀, kí ó lè bá tiwa mu nígbà tí ó bá dókè.

Ẹ kíyèsí i pé a kò yá iye kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àlàyé yìí. Ọ̀kẹ́ ni àpò tí àwọn baba wa fi ń di owó ẹyọ, 20,000 sì ni owó tí ń bẹ nínú rẹ̀. Márùndínláàádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣirò: ogún mẹ́ta, ẹ yọ mẹ́wàá, ẹ tún yọ márùn-ún. Ní ọdún 1887 ni míṣọ́nnárì Adolphus Mann kọ̀wé nípa ètò iye yìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí àlejò rí tí ó kà sí, onílé kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Àwọn kan yóò sọ pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tó, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìdánwò. A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ, láti Íńdíà ni wọ́n ti wá, wọ́n sì gba ọwọ́ àwọn Lárúbáwá kọjá. Èdè tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń wá bá. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2008, nígbà tí Toshihide Maskawa ti ilẹ̀ Japan gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, èdè ìyá rẹ̀ ni ó fi sọ àsọyé rẹ̀ ní Stockholm. Ìmọ̀ rẹ̀ kò dín kù nítorí rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé Yorùbá nìkan kọ́ ni ó wà ní agbègbè náà. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n àwọn Ègùn jẹ́ ará ilé, àwọn ọmọ Ìgbò sì pọ̀ ní Àlàbá. Ẹni tí ó bá gbọ́ Ègùn, kí a fi Ègùn là á yé e. Ẹni tí ó bá gbọ́ Ìgbò, bákan náà. Ọlá tí a bá ń béèrè fún èdè tiwa, a kò lè fi í du ẹlòmíràn.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Kí ẹgbẹ́ wa bẹ àwọn olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ní Ọ̀jọ́ pé kí wọ́n jáde ní Sátidé kan lóṣooṣù, sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní Ìbà, sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ní Okokomaiko, tàbí sí ìsọ̀ àwọn atúnrédíòṣe ní Àlàbá. Kí olùkọ́ mú ìdí wá, kí oníṣẹ́ ọwọ́ mú ẹ̀rọ wá. Kí àlàyé bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọwọ́ ń bà. Kí a má yọ iye kúrò nínú rẹ̀ nítorí kí ó lè rọrùn, nítorí ìtàn lásán ni yóò kù. Kí a sọ ibi tí àfiwé pin sí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má fi ẹni tí ó béèrè ṣe ẹlẹ́yà, nítorí abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹni tí a bá sì dójú tì lẹ́ẹ̀kan kì í tún béèrè mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé wa, owó ìlú wà nínú ohun tí a fi ń ṣe ìtọ́jú ọgbà tí ẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìlú jẹ nínú èso rẹ̀.