Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Èrò Mi Lórí Rọ́bà Ẹnu Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Àtijọ́

Àwọn kan a máa sọ pé oríkì, ẹsẹ Ifá àti àlọ́ ni èdè wa dùn fún, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan irin àti ẹ̀rọ, kí a yáa máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí: rọ́bà tí ó yí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ ká. Èrò mi ni pé ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ àtijọ́, rọ́bà yìí ni kí ó kọ́kọ́ náwó lé lórí kí ó tó ronú kan ọ̀dà. Yorùbá náà ni mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, aláǹgbá mẹ́ta ní í máa ń wọ inú ọkọ̀: eruku, òjò àti èéfín. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Èrúwà sí Lánlátẹ̀, tàbí tí ó ti Igbó-Ọrà lọ sí Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán nígbà ọyẹ́, yóò mọ bí eruku pupa ti ń gba inú àlàfo tí ojú kò rí wọlé. Bí òjò bá dé, omi gba ibẹ̀ kan náà, ó sì dúró sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ó burú jù ni èéfín. Bí sàlẹ́ńsà bá ti lu, èéfín carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, lè gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé bá èrò, ó sì lè pa ènìyàn. Rọ́bà kò lè rọ́pò àtúnṣe sàlẹ́ńsà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tún ṣílẹ̀kùn fún ikú.

Ọdún 1968 ni Peugeot 504 jáde. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń to èyí tí a ń pè ní ìjàpá. Ogún baba ni púpọ̀ nínú èyí tí ó kù láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jogún ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ akunọ̀dà ni ó kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Ọkọ̀ a máa dán, àwọn ará àdúgbò a máa kí i kú oríire, ìpẹtà a sì máa jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Ibi tí ojú kò tó ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní àwọn ọdún 1890, oje igi ìrẹ́ láti inú igbó ilẹ̀ Yorùbá di ọjà ńlá ní Èkó. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1839, Charles Goodyear ti rí i ní Amẹ́ríkà pé bí a bá fi imí ọjọ́ sí oje rọ́bà tí a sì fi iná sí i, yóò le, yóò sì máa nà. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, oòrùn àti afẹ́fẹ́ a máa sọ ọ́ di gbígbẹ, a sì sán.

Iṣẹ́ náà kò ní awo nínú. Ẹ rọra fa ògbólógbòó rọ́bà jáde, kí ẹ má sì dà á nù: òun ni ẹ óò mú lọ sí ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó tàbí Agodi Gate ní Ìbàdàn láti fi wé tuntun. Ó ní ètè tí ó fi di irin mú. Ó ní ikùn tí ó ṣófo, tí ilẹ̀kùn ń tẹ̀ bí a bá pa á dé. Bí ikùn tuntun bá tóbi jù, gbígbá ni a óò máa gbá ilẹ̀kùn, irin tí ó gbé e dúró yóò sì yẹ̀. Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà, kí ẹ kun ojú ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán rọ́bà wò láìsí gọ́ọ̀mù. Ẹ má fà á, nítorí rọ́bà tí a fà yóò súnkì, àlàfo yóò sì ṣí ní igun. Ẹ jẹ́ kí ó gùn díẹ̀, kí ẹ ti orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ má dí àwọn ihò kéékèèké tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn: ibẹ̀ ni omi tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé ń gbà jáde. Níkẹyìn, ẹ pa ilẹ̀kùn dé mọ́ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ fà á. Bí ó bá yọ láìjà, ògiri ṣì lanu níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní owó rọ́bà tuntun pọ̀, pé fóòmù àti gọ́ọ̀mù tó. Fóòmù a máa mu omi bí kàn-ìn-kàn-ìn, a sì máa fi omi náà rin irin. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tòkúnbọ̀ náà ti gba ìrísí ọkọ̀ tí a ti yọ ọ́, ọjọ́ ogbó rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó rà á.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wò ó: ẹnu ilẹ̀kùn, ètè rọ́bà, ikùn rọ́bà. Èdè wa fi ara ènìyàn sọ ara ọkọ̀, ọ̀rọ̀ sì yé wa yékéyéké. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá, bíi gọ́ọ̀mù àti sáńpépà, kò bà á jẹ́. Mo rọ̀ yín kí ẹ mú ìwé àti kálàmù lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà, kí ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ohun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà ṣì wà. Èdè náà ní rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn tirẹ̀: bí a kò bá tọ́jú ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́, ibẹ̀ ni yóò ti máa jò.