Ìtọ́kasí Tí Ó Ń Pa Orúkọ Olóhùn Rẹ́

Iṣẹ́ tí ó máa ń kẹ́yìn nínú kíkọ àpilẹ̀kọ fún jọ́nà ni títo àwọn ìwé ìtọ́kasí. Òru ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń ṣe é, nígbà tí oorun ti ń kun ojú, tí ọjọ́ tí olóòtú dá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kà á sí iṣẹ́ akọ̀wé lásán: ibi tí kọ́mà yóò wà, ibi tí ọdún yóò wà, bí àkọlé ìwé yóò ti rí. Àṣìṣe ńlá ni èrò yìí. Nínú ayé akadá, àtòjọ ìwé ìtọ́kasí ni ó ń sọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bí ẹni tí kò lanu rárá ni ó rí.

Ọ̀rọ̀ Sàlàkọ́ tó àríkọ́gbọ́n. Ní ọdún 1951, ní ìlú Ọ̀yọ́, abọrìṣà Òrìṣàńlá yìí ka àwọn ẹsẹ ẹẹ́rìndínlógún tí ó mọ̀ sórí sínú téèpù fún William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1980, wọ́n tẹ àwọn ẹsẹ náà jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé tí ó ń jẹ́ Sixteen Cowries. Bascom kò fi orúkọ Sàlàkọ́ pamọ́. Ó ròyìn rẹ̀ fún òǹkàwé. Síbẹ̀, “Bascom 1980” ni ìlànà ní kí onímọ̀ kọ sínú àkámọ́ nígbà tí ó bá yá ẹsẹ kan lò nínú ìwé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì fi ojú kan ìwé náà yóò gbà pé Bascom ni ó mọ ẹsẹ. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ wá di òǹkọ̀wé. Ẹni tí ó ni ohùn di ohun èlò. Bascom kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ìlànà tí ó jẹ́ pé orúkọ ara èèpo ìwé nìkan ni ó mọ̀, òun ni ó jẹ̀bi.

Ti Sàlàkọ́ tilẹ̀ sàn, nítorí pé ó rí inú ìwé gbé. Ti àwọn tí kò sí nínú ìwé kankan ni ó burú jù. Ìlànà APA, títí dé ẹ̀dà keje tí ó jáde ní ọdún 2019, sọ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí òǹkàwé kò sì ní ibi tí yóò ti rí i, ìbánisọ̀rọ̀ ara-ẹni ni: kí ó wà nínú àpilẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kí ó má wọ àtòjọ ìparí. Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe lọ sí abúlé, yóò gba oríkì orílẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu ìyá àgbà, yóò jẹ ẹ̀kọ rẹ̀, yóò sùn sí yàrá rẹ̀. Nígbà tí àpilẹ̀kọ bá jáde, ogójì ìwé ni yóò wà nínú àtòjọ. Ìyá kò ní sí níbẹ̀.

Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn òfin yìí ní ìdí tí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: wọ́n ní òǹkàwé gbọ́dọ̀ lè yẹ ohun tí wọ́n tọ́ka sí wò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pípa orúkọ rẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ di èyí tí ó ṣeé yẹ̀ wò. Ohun tí yóò ṣe é ni kí téèpù wà ní ìpamọ́ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, kí orúkọ, agboolé, ìlú àti ọjọ́ sì wà lákọsílẹ̀. Ẹni tí ó mọ agboolé mọ ibi tí yóò ti béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìtọ́kasí jẹ́ àṣà àjèjì tí Yorùbá kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó. Nínú ẹsẹ Ifá, orúkọ àwọn awo tí ó dífá ni ó ń ṣáájú; lẹ́yìn náà ni “díá fún” yóò sọ ẹni tí wọ́n dá a fún, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Oníjàálá kì í ṣíde láìjúbà fún ẹni tí ó kọ́ ọ. Àwọn tí kò mọ̀wé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní orírun. Ó wá ku àwọn ọ̀mọ̀wé tí yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn tán tí yóò gbàgbé. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Orúkọ tí ó tilẹ̀ ráyè wọ àtòjọ kò bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Abubakar Tafawa Balewa ni ó kọ ìtàn àròsọ Hausa tí ó ń jẹ́ Shaihu Umar. Orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Bauchi ni Tafawa Balewa, ibẹ̀ ni ó sì ti mú orúkọ náà. Ìlànà tí ó ní kí orúkọ ìdílé ṣáájú wá gé ìlú sí méjì: “Balewa, A. T.” Ní ti Yorùbá, àmì ni wọ́n ń bó kúrò lára orúkọ àti àkọlé. Bí “Oro” bá wà nínú àkọlé láìní àmì, ṣé Orò ni, àbí ọ̀rọ̀, àbí ọrọ̀, àbí oró? Olùkọ́ tí ó ń fi bírò pupa gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àmì ohùn, òun kan náà ni ó ń fi àtòjọ tí kò ní àmì kankan ránṣẹ́ sí olóòtú.

Àwáwí méjì ni wọ́n máa ń ṣe. Èkíní ni pé ẹ̀rọ kò gbà á. Nígbà kan rí, òótọ́ ni: lẹ́tà tí ènìyàn tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan a máa dàrú lórí òmíràn. Lónìí, ẹ, ọ àti ṣ wà nínú Unicode, àmì ohùn sì ṣeé gbé lé wọn lórí. Ìmẹ́lẹ́ ni ó kù. Èkejì ni pé ìlànà ti wà, kò ṣeé yí padà. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ṣe é. Ojú ewé méje péré ni APA jẹ́ nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1929, àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn ni wọ́n sì ṣe é fún. Ní Kánádà, Lorisia MacLeod, ọmọ ẹ̀yà Cree, gbé ìlànà jáde nínú jọ́nà ní ọdún 2021, èyí tí ó mú àwọn àgbà onímọ̀ ìbílẹ̀ wọ àtòjọ pẹ̀lú orúkọ, ẹ̀yà àti ibùgbé wọn. Kò dúró de àṣẹ. Jọ́nà tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ, irú bí Láàńgbàsà, kò sí lábẹ́ APA. Kí ni ó wá ń dá àwọn olóòtú ní ilẹ̀ yìí dúró?

Ohun tí ó yẹ kò pọ̀. Kí olóhùn wọ àtòjọ lórúkọ ara rẹ̀, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí wọ́n má dárúkọ òun. Kí orúkọ dúró bí ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ ṣe ń jẹ́ ẹ. Kí àmì pé. Bí àwọn olóòtú bá fẹnu kò lórí èyí, ìṣọ̀kan tí àwọn olùgbèjà ìlànà ń fẹ́ yóò wà, òtítọ́ yóò sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá lè kọ ọ́ sábẹ́ lẹ́tà S pé: Sàlàkọ́, abọrìṣà Òrìṣàńlá, Ọ̀yọ́, 1951, William Bascom ni ó gbà á sílẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1980.